Ojú Ìwé Tí A Lẹ̀ Pọ̀

Ọ̀ràn tó máa bá ènìyàn fínra kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Orí fóònù ni èyí gbà dé bá Olóòtú, láàárọ̀ ọjọ́ tí inú rẹ̀ dùn jù lọ lọ́dún náà, níbi tó jókòó sí nínú yàrá òkè, tó ń kọrin ọpẹ́ sínú ife tíì.

Ìdí ọpẹ́ náà kò fara sin. Bàbá òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dá ìwé ìròyìn Ọpọ́n Ayò sílẹ̀, ìwé àwọn tó fẹ́ràn eré orí tábìlì: ọmọ ayò, káàdì, àti àwọn eré tí a ń fi àwòrán ìlú àti ọmọ ogun oníke jà láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ń jáde, bébà ló ń jáde lé lórí. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yìí, ó ti jáde lórí fóònù pẹ̀lú. Bébà kò kúrò nílẹ̀ o. Bébà ti dé ọwọ́ àwọn òǹkàwé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ ti bébà, ó wà. Ẹni tó bá fẹ́ ti fóònù, òun náà ti rí tirẹ̀.

Kò rọrùn kó tó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà nísàlẹ̀ ilé, òun ló sì ni ìdajì ìwé ìròyìn náà. Bàbá Íńkì ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, nítorí pé bó ṣe wù kó fọwọ́ tó, dúdú kì í kúrò lábẹ́ èékánná rẹ̀. Àárín ìkà àti àánú ló gbé ọ̀rọ̀ náà sí nígbà tó gbà fún àbúrò rẹ̀.

"Àbúrò, mo ti gbọ́ àrọwà rẹ. Ẹyọ kan. Ẹyọ ìtẹ̀jáde kan ṣoṣo ni n ó fún ọ kí o fi dán an wò. Ṣùgbọ́n tí ojú ìwé Màmá bá fi lè ṣí lọ́nà tí kò yẹ kó gbà ṣí, àní tó bá jẹ́ igun rẹ̀ kan ló ká sókè, ti orí fóònù ti kú nìyẹn. A ò ní jí i, a ò sì ní jókòó ṣọ̀fọ̀ rẹ̀."

Ojú ìwé Màmá yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Kí bàbá wọn tó lọ sinmi, ó ṣe eré kan kalẹ̀ fún àwọn òǹkàwé, ó pè é ní Ọba Tó Sá Pamọ́. Ó ya àwòrán ààfin kan tó ní yàrá bíi kòkó inú oko. Ọba kan sá pamọ́ sínú ọ̀kan nínú wọn. Nínú gbogbo ìtẹ̀jáde, àmì kan máa ń jáde, àwọn òǹkàwé á sì dáhùn ìbéèrè tó bá a rìn. Ẹni tó bá kùnà, ó jáde. Ọdún gorí ọdún, èrò tó kún bí omi ti gbẹ títí ó fi ku méjì. Nínú ìtẹ̀jáde yìí ni àmì ìkẹyìn wà, ìdáhùn sì wà lẹ́yìn rẹ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá, nínú ojú ìwé méjì tí Màmá wọn fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ létí. Ìyẹ̀fun ni Màmá fi ń se gọ́ọ̀mù náà fúnra rẹ̀, ìka rẹ̀ ló sì fi ń fà á, tí ẹnu rẹ̀ á máa lọ wúyẹ́wúyẹ́ bíi ti ẹni tó ń gbàdúrà, nítorí pé àdúrà ló ń gbà.

Òfin rẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tó bá rí inú ojú ìwé náà kó tó dáhùn, ó ti jáde. Àwọn méjì tó kù gbọ́dọ̀ dá ojú ìwé náà padà ní lílẹ̀, pẹ̀lú ìdáhùn wọn, kí agogo mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ yìí tó lù. Òfin kan tún wà tí bàbá wọn máa ń tẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé: bí àríyànjiyàn bá dé, ẹni tí ẹ jọ ń du ipò ni adájọ́ rẹ.

Ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn méjì náà jẹ́ nọ́ọ̀sì kan tó ń fi orúkọ Abẹ́rẹ́ ta ayò. Ó wí fún wọn nígbà kan pé kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Àpòòwé tirẹ̀ ti dé láti àná. Ó wà lórí tábìlì Olóòtú, wọn kò tíì ṣí i.

Ẹnì kejì ń jẹ́ Ojú Inú. Àgbà ọkùnrin ni, dùùrù ló ń tún ṣe káàkiri àwọn ilé ìjọsìn. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé kò ríran rárá. Ìyàwó rẹ̀ ló ń ka Ọpọ́n Ayò fún un, ìyàwó náà ló sì ń bá a kọ ìdáhùn. Nígbà tí obìnrin náà kú, Ojú Inú pe Olóòtú, ó béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá ọ̀nà kan wà tí fóònù fi lè máa ka ìwé yìí sí òun létí. Láti ọjọ́ yẹn ni Olóòtú kò ti sùn àsùnwọra mọ́. Wọ́n fún ọkùnrin náà láyè pé kó fi ẹnu dáhùn lórí fóònù, níwọ̀n ìgbà tí kò ní bébà tó máa dá padà.

Òun náà ló pè yìí.

"Ẹ káàárọ̀, Olóòtú."

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ ti gbọ́ ọ? Báwo ló ṣe ń kà á sí?"

"Ó ń kà á dáadáa. Dídáa rẹ̀ ló di wàhálà."

Olóòtú gbé ife tíì kalẹ̀.

"Mo gbọ́ àmì ìkẹyìn nílé," ni ọkùnrin náà wí. "Mo pa fóònù. Mo mú pátákó ààfin mi, èyí tí mo gbẹ́, mo kan èèkàn mi mọ́ yàrá tí ọkàn mi gbà. Mo ní n kò ní pè yín lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ìdáhùn gbígbóná máa ń jó ni lẹ́nu. Mo bá lọ síbi iṣẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti ní kí n tún àmì náà gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo gbé fóònù sórí àga, mo ki apá méjèèjì bọ inú dùùrù títí dé èjìká. Fóònù ka àmì tán. Kò dúró. Kí n tó yọ apá mi láàárín àwọn fèrè yẹn, ó ti ka ojú ìwé Màmá fún mi látòkè délẹ̀."

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀ sà," ni Olóòtú wí. "Mo fi dúdú bò ó. Mo fi dúdú bí èédú bò ó, mo wò ó títí, ojú kò rí nǹkan kan níbẹ̀."

"Olóòtú mi, dúdú wo lẹ fẹ́ fi dẹ́rù ba fóònù? Èmi àti òun, a ò mọ dúdú yàtọ̀ sí funfun. Ọ̀rọ̀ là ń wá. Ó dé ibẹ̀, ó bá ọ̀rọ̀ nílé."

Olóòtú fa kọ̀ǹpútà mọ́ra. Ó ṣí ojú ìwé náà. Dúdú náà wà níbẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó gbé ọfà kọ̀ǹpútà lé e lórí, ó fà á láti òkè wá sísàlẹ̀, ó ṣe àdàkọ rẹ̀ sí ibòmíràn. Ọ̀rọ̀ jáde kedere, bí ẹni tó ti ń retí kí wọ́n ṣí aṣọ lójú òun: *Ọba wà ní ilé ẹṣin.*

Ó di ẹnu mú. Ọmọ bébà ni. Láti kékeré ló ti ń wo bí bàbá rẹ̀ ṣe ń gé bébà dúdú lé ibi tó bá fẹ́ pamọ́, tí á tẹ̀ ẹ́, tí ibẹ̀ á sì dúdú títí ayé. Ohun tí a bá fi bò lórí bébà, ó bò ó. Ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe lórí kọ̀ǹpútà ohun tí ojú rẹ̀ mọ̀ lórí bébà, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé aṣọ lásán ló ta bo ẹni tó ṣì ń mí lábẹ́ rẹ̀.

Ó yọ fáìlì náà kúrò lórí ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀. Kò sí ohun tí àwọn òǹkàwé yòókù lè fi ṣe, wọ́n ti jáde nínú eré tipẹ́. Ojú Inú nìkan ni ọ̀rọ̀ bá.

"Ẹ ṣì wà níbẹ̀ sà?"

"Mo wà. Mo kàn pè láti sọ fún yín pé mo ti jáde ni. Kí Abẹ́rẹ́ máa yọ̀."

"Ẹ dúró ná." Olóòtú rẹ ohùn sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló wà nínú yàrá. "Èèkàn yín ti wà lójú pátákó kó tó kà á. Ẹ ti dáhùn. Ẹ sọ yàrá náà fún mi, kí n gbà á bí ẹni pé kí ẹ tó kúrò nílé lẹ pè mí. Ta ló máa mọ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà jáde tán ni ojú tó tì í. Ẹ̀rín díẹ̀ ló gbọ́ lódì kejì.

"Ẹ̀yin mọ̀. Èmi mọ̀. Ọlọ́run mọ̀. Ẹni mẹ́ta kì í ṣe àṣírí mọ́, Olóòtú, ìpàdé ni."

"Ẹ má bínú sà."

"N kò bínú. Ẹ jẹ́ n sọ nǹkan kan fún yín. Nígbà tí ìyàwó mi ń kà á fún mi, tó bá dé ojú ìwé Màmá, á gbé ọwọ́ mi lé e. Á ní, 'Fọwọ́ kàn án, bàbá, ó ṣì lẹ̀.' Èmi náà á fọwọ́ kàn án. Kò sí ọjọ́ kan tó yà á, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló ríran nínú ilé. N kò ní torí pé ó ti lọ kí n wá di ẹni tí wọ́n ń ṣọ́."

Olóòtú fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. Tó bá dákẹ́, ọkùnrin yìí jáde, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ní gbọ́, ti orí fóònù á sì yè. Tó bá sọ̀rọ̀, àfàìmọ̀ kí wọ́n má pàdánù méjèèjì. Ohun tí ó fi ọdún méjì bẹ̀bẹ̀ fún ti wà lórí ahọ́n rẹ̀ báyìí, bí ẹyin tí ènìyàn gbé sẹ́nu sáré.

"Ẹ má tíì jáde sà," ló wí. "Òfin kan ṣì kù. Ẹ má jìnnà sí fóònù."

Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Àdúrà náà kò gùn. *Olúwa, fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu, tàbí kí o fi agbára sí mi létí.* Ó dìde, ó sọ̀ kalẹ̀.

Ìró ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, lẹ́yìn náà òórùn íńkì, lẹ́yìn náà ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bàbá Íńkì kì í tan ẹ̀rọ láìkì í. Oríkì tí bàbá wọn ń fi kì í ni òun náà ń fi kì í, tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀, òṣìṣẹ́ kankan kì í já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀:

"Jẹfunfun-bi-ọ̀rọ̀,
Onírin tó ń sùn tí kì í hanrun,
Ó gbé bébà mì, kò bẹ omi,
Ó ní kí aláìlẹ́nu máa bá ọmọ aráyé sọ̀rọ̀.
Bí o bá jí, kí ìka mi jí pé,
Bí o bá sùn, kí ìka mi sùn pé."

Màmá wà nídìí tábìlì gígùn tó wà lẹ́bàá fèrèsé, abọ́ gọ́ọ̀mù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń lẹ ẹ̀yìn àwọn ìwé tó ṣẹ́kù. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó sì gbé ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Kí ló dé?"

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án ni."

"Ẹ pa á sà."

Bàbá Íńkì pa ẹ̀rọ. Ìdákẹ́jẹ́ tó wọlé wúwo ju ariwo tó jáde lọ. Olóòtú sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró: dúdú tó fi bò ó, fóònù tó ń kà láìwojú, apá tó há sínú dùùrù. Kò fi ibi tó ti ní "ta ló máa mọ̀" pamọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wò sílẹ̀ nígbà tó dé ibẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo. Ó mú àkísà, ó ń nu ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn ìka tí kò ní mọ́ láéláé.

"Mo sọ ọ́ àbí n kò sọ ọ́?"

"Ẹ sọ ọ́."

"Ó ti tán nìyẹn. Pe àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún ti fóònù, kí o sọ fún wọn pé kò sí mọ́. Kí bàbá yẹn máa lọ ní àlàáfíà, ẹni rere ni. Ṣùgbọ́n wo bébà, Àbúrò." Ó na ìka sí òkìtì ìwé. "Bébà ní ẹ̀rí. Tó bá ya, ó ya. O kò lè ya á tán kó o tún ní o ò ya á. Kí ni ẹ̀rí tìrẹ? Ó ní òun ti kan èèkàn. Ta ló rí èèkàn?"

"Òun fúnra rẹ̀ ló pè mí, Bọ̀dá mi. Tó bá jẹ́ pé ó fẹ́ jalè, kò ní kan ilẹ̀kùn."

"Olè tó gbọ́n ló máa ń kọ́kọ́ kígbe olè."

"Ẹni tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀," ni Màmá wí láti ìdí tábìlì, "ìbá ti dáhùn láti àárọ̀, kó lọ jókòó sílé rẹ̀."

"Màmá, ẹ jẹ́ n parí ọ̀rọ̀."

"Parí rẹ̀. Tó o bá parí rẹ̀, kí o bá mi ka ẹ̀yìn ìwé yìí. Ojú mi kò gbé e dáadáa mọ́. Ìlà tí bàbá yín ní kí ẹ má yọ láéláé."

Bàbá Íńkì kò gba ìwé náà. Ó mọ ìlà náà sórí. "Ẹni tí ẹ jọ ń du ipò ni adájọ́ rẹ," ló wí, ó sì mí kanlẹ̀. "Màmá, ṣé kí a wá pe nọ́ọ̀sì, kí a gbé ìtìjú wa lé e lọ́wọ́? Kí ó mọ̀ pé ìwé tí bàbá wa fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ń jò?"

"Bó bá ń jò, ìgbà wo lẹ fẹ́ gbé abọ́ sí i? Ìgbà tí ilé bá wó?"

Ó wo àbúrò rẹ̀. Ó wo aago ara ògiri, tí ọ̀sán ti ń sún mọ́. "Pè é," ló wí. "Jẹ́ kí gbogbo wa gbọ́. Ohun tó bá sọ labẹ gé. Tó bá ní kí bàbá yẹn jáde, ó jáde, ti orí fóònù náà sì jáde pẹ̀lú rẹ̀. N kò fẹ́ gbọ́ ẹkún lẹ́yìn ìyẹn."

"Mo gbà," ni Olóòtú wí, ó sì fa fóònù yọ.

Fóònù dún títí kí Abẹ́rẹ́ tó gbé e. Ìró kẹ̀kẹ́ onírin ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan ń pè é. Ó ní, "Ẹ jẹ́ n fọwọ́," wọ́n sì gbọ́ bí omi ṣe ń dà. Nígbà tó padà, Olóòtú ròyìn fún un, kò fi iyọ̀ sí i, kò yọ ata kúrò níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà kò dá a dúró.

"Òun ló pè yín, àbí ẹ̀yin lẹ mú un?" ló béèrè nígbẹ̀yìn.

"Òun ló pè wá."

"Ìyẹn ni wí pé ẹnu rẹ̀ nìkan lẹ rí gbé dání."

Bàbá Íńkì kò lè mú un mọ́ra. Ó tẹ̀ síwájú, ó sọ̀rọ̀ sí fóònù bí ẹni tó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ lókè odò. "Ohun tí mo sọ fún wọn nìyẹn, Nọ́ọ̀sì. Bébà kì í purọ́. Ẹ̀yin dá ojú ìwé yín padà, ó lẹ̀ digbí. Kò sí ẹni tó máa bi yín léèrè nǹkan kan."

"Ta nìyẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Òun ló ń tẹ̀ ẹ́," ni Olóòtú wí.

"Ẹ kú iṣẹ́ sà." Wọ́n gbọ́ bí nọ́ọ̀sì náà ṣe ti ilẹ̀kùn kan. "Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Níbi iṣẹ́ wa, àpótí iná kan wà tí a fi ń wo àwòrán egungun. Lọ́jọ́ kan, mo ń wá ibi tí mo máa gbé ìwé yín sí kí n lè bu omi mu, mo bá gbé e lé e lórí láìmọ̀ pé iná wà ní títàn. Ojú ìwé tí ẹ lẹ̀ pọ̀ yẹn ló wà lókè. Mo rí lẹ́tà tó ń yọ bọ̀ nínú rẹ̀ bí ẹja nínú omi. Mo ti gbá a kúrò kí n tó mọ̀ pé mo gbá a, gbogbo omi mi ló dà nù. Láti ọjọ́ náà, ìwé yín kò wọ ibi iṣẹ́ mi mọ́. Ilé ni mo ń kà á. Kò pẹ́ sígbà tí ẹ pààrọ̀ bébà ni, àbí? Ti tẹ́lẹ̀ le bí awọ."

Màmá yí ojú sí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin.

"Nítorí náà, sà, ẹ ń sọ pé ojú ìwé mi lẹ̀ digbí. Òótọ́ ni, ó lẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́, n kò nílò láti ya á. Ohun tí ẹ fi mọ̀ pé n kò kà á, ṣé kì í ṣe ẹnu mi náà ni?" Ẹnì kan tún pè é lẹ́yìn. "Mo ń bọ̀! Ẹ jẹ́ kí bàbá yẹn dáhùn. Mo dá a bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n lọ, ẹnì kan ń bímọ níbí."

Ó pa fóònù.

Bàbá Íńkì mú ìwé kan lórí òkìtì. Ó ṣí i sí ojú ìwé tí Màmá lẹ̀ pọ̀, ó rìn lọ sábẹ́ iná ńlá tó fi ń yẹ àwọ̀ íńkì wò, ó gbé e sókè. Olóòtú kò sún mọ́ ọn. Láti ibi tó dúró, ó rí òjìji àwọn lẹ́tà lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n tò sí iwájú orí rẹ̀ bíi kòkòrò.

"Mo sọ fún ọ nígbà yẹn," ni Màmá wí, ohùn rẹ̀ kò sì ní ẹ̀gún nínú. "Mo ní bébà yìí fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. O ní gbogbo bébà náà ni bébà."

Ó pẹ́ kí Bàbá Íńkì tó gbé ọwọ́ sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó yí padà, ojú àbúrò rẹ̀ kọ́ ló wò, fóònù ló wò.

"Pe bàbá náà. Èmi ni n ó bi í."

Olóòtú tẹ nọ́ńbà. Òun ló kọ ìdáhùn náà, ó mọ ibi tí ọba wà. Bí ọkùnrin yìí bá sọ pé ilé ẹṣin ni, nọ́ọ̀sì á gbà, Màmá á gbà, ṣùgbọ́n iyèméjì á wọ ẹ̀gbọ́n òun lára bí íńkì, kò ní fọ̀ kúrò láéláé. Lọ́jọ́ kan tí nǹkan kékeré bá ṣẹlẹ̀, á gbé e jáde. Bó bá sì sọ yàrá míràn, á pàdánù ohun tó fi gbogbo ọdún wọ̀nyí lé, nígbà tí èyí tó tọ̀nà wà létí rẹ̀.

"Ẹ káàsán sà," ni Bàbá Íńkì wí. "Èmi ni mo ń tẹ Ọpọ́n Ayò. Ẹni tí ẹ jọ ń du ipò ti ní kí ẹ dáhùn. Yàrá wo ni èèkàn yín wà?"

"Ó ní kí n dáhùn?"

"Ó ní bẹ́ẹ̀."

"Kí Ọlọ́run bù kún un." Wọ́n gbọ́ bí igi ṣe fara kan igi, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó gbé pátákó náà lé itan. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá ibi kan lójú rẹ̀, wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń ha igi. "Àká. Èèkàn mi wà nínú àká, lẹ́yìn àwọn àpò ọkà. Mo ti mọ̀ báyìí pé kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo kàn án sí."

Àkísà bọ́ lọ́wọ́ Bàbá Íńkì. Kò bẹ̀rẹ̀ mú un.

Màmá na ọwọ́ sí Olóòtú. "Àpòòwé Abẹ́rẹ́ dà? Lọ gbé e wá. Ìdáhùn ti pé méjì."

Ó sáré gòkè, ó sáré sọ̀. Màmá fúnra rẹ̀ ló ṣí i. Ojú ìwé tó lẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ. Ó fi ìka tọ etí rẹ̀ yíká, ó mi orí pé ó ṣì lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni bébà kékeré kan, tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí: *Ilé ẹṣin.*

"Ilé ẹṣin ni tirẹ̀ sà," ni Olóòtú wí sínú fóònù. "Òun ló jẹ ẹ́."

Ojú Inú rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà gùn ju ti àárọ̀ lọ. "Abẹ́rẹ́ ti gún mi. Ẹ bá mi kí i. Ẹ sọ fún un pé ọ̀pẹ́ tó pàdánù kí ọ̀ta tó jẹ ayò." Lẹ́yìn náà ló ní, "Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, nǹkan kan tún wà. Ìwé ti fóònù yìí, ó dà bí ẹni pé kò parí."

"Báwo sà?"

"Ìyàwó mi máa ń ka ìlà kan kẹ́yìn. 'Jẹfunfun-bi-ọ̀rọ̀ ló tẹ èyí.' Á kà á bí ẹni tó ń kí ọba, àwa méjèèjì á wá rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo dúró de ìlà yẹn láàárọ̀. Fóònù dákẹ́. Mo rò pé bóyá kò tíì tán ni."

Olóòtú rántí. Òun ló yọ ọ́. Ó ti rò ó pé ẹ̀rọ kò tẹ ti fóònù, kí ni orúkọ rẹ̀ máa wá ṣe níbẹ̀. Kò gbójú sókè.

"Ó máa wà níbẹ̀ sà," ni Bàbá Íńkì wí. "Ẹ fún wa láàyè títí di ìrọ̀lẹ́."

Nígbà tí fóònù kú tán, ó gbé àkísà nílẹ̀, ó jù ú sórí ẹ̀rọ. "Ojú ìwé Màmá," ló wí fún àbúrò rẹ̀, "má fi nǹkan kan bò ó mọ́. Yọ ọ́ kúrò nínú ti fóònù pátápátá. Ẹni tó bá ń ka ti fóònù, n ó máa tẹ ìyẹn nìkan fún un lórí bébà, Màmá á lẹ̀ ẹ́, a ó fi ránṣẹ́ sí i. Kí ó máa fọwọ́ kàn án."

"Bébà wo, Bọ̀dá mi?"

"O ti gbọ́ bébà tí wọ́n ń wí. Èyí tó le bí awọ." Ó fa ẹnu. "Má wò mí bẹ́ẹ̀. Lọ ṣe iṣẹ́ rẹ."

Kí oòrùn tó wọ̀, fáìlì tuntun ti délẹ̀. Olóòtú gbé fóònù rẹ̀ wá sísàlẹ̀, ó gbé e sí àárín abọ́ gọ́ọ̀mù àti òkìtì ìwé, ó ní kó ka ojú ìwé ìkẹyìn. Ohùn inú fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í kà, gbọọrọ, láìsí òkè láìsí ilẹ̀, bí ẹni tó ń ka iye owó ọkọ̀. Ó dé ìlà náà. Ó ka orúkọ ẹ̀rọ náà bí ẹni tí eyín ń dùn.

Màmá fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì.

"Kò mọ oríkì kì," ni Bàbá Íńkì wí. Ó ti gbé àga kan sún mọ́ ọn, ó sì dẹ etí sílẹ̀. "Ó burú jáì. Ní kó tún un kà."

Olóòtú tẹ̀ ẹ́, fóònù sì tún bẹ̀rẹ̀.